Agbára àti Ìjáfáfá Mọ́tò Oníná: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

A kọ àwọn ìdáhùn wọ̀nyí fún ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò oníná, ẹni tó fẹ́ fi tuntun rọ́pò èyí tó jóná, àti ẹni tó kàn fẹ́ mọ ìtumọ̀ iye tí wọ́n tẹ̀ sára àwo irin kékeré tó wà lára mọ́tò rẹ̀. Ohun kan ló so gbogbo wọn pọ̀: iye agbára tí ẹni tó ṣe mọ́tò kọ sí i lára jẹ́ ìlérí nípa ooru, ìyẹn bí mọ́tò náà ṣe lè ṣiṣẹ́ tó láìjẹ́ pé ooru ara rẹ̀ bà á jẹ́.

Wọ́n kọ 7.5 kW (kílówáàtì, ìyẹn 7,500 wáàtì) sára mọ́tò mi. Ṣé iye iná tí yóò máa jẹ nìyẹn?

Rárá. Iye yẹn ni agbára tí ọ̀pá mọ́tò náà lè fi yí ohun tí ẹ bá so mọ́ ọn. Iṣẹ́ tó ń jáde ni, kì í ṣe iná tó ń wọlé. Kò sí mọ́tò tó ń sọ gbogbo iná tó gbà di iṣẹ́; díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣòfò di ooru, nítorí náà ohun tó ń wọlé máa ń ju ohun tó ń jáde lọ ni. Ìjáfáfá mọ́tò ni ìdá tí iṣẹ́ tó jáde jẹ́ nínú iná tó wọlé. Bí ìjáfáfá mọ́tò 7.5 kW yìí bá jẹ́ ìdá 90.4 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ ó fi 0.904 pín 7.5, ẹ ó sì rí nǹkan bíi 8.3 kW. Ohun tí mítà yóò kà nìyẹn nígbà tí mọ́tò bá ń ṣiṣẹ́ dé ojú ìwọ̀n rẹ̀. Nǹkan bíi 800 wáàtì tó jẹ́ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì di ooru lára mọ́tò náà.

Ẹ ṣọ́ra, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń tẹ̀lé àṣà yìí. Lára àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí à ń fọwọ́ mú, bí ẹ̀rọ tí ń lu ihò àti èyí tí ń gé irin, àti lára ẹ̀rọ tí ń fa eruku nínú ilé, iná tó ń wọlé ni wọ́n sábà máa ń kọ. Ẹ̀rọ méjì lè jọ kọ 1,000 wáàtì sára, kí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe má sì dọ́gba rárá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 7.5 gan-an? Ṣé mọ́tò náà kò lè ṣe iṣẹ́ 9 kW ni?

Ó lè ṣe é. Ọ̀pọ̀ mọ́tò fésì mẹ́ta tó wọ́pọ̀ lè fi ipá tó ju ìlọ́po méjì ipá tí wọ́n kọ sí i lára yí ẹrù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó di pé ó dúró. Bí irin àti wáyà nìkan ni a bá ń wò, kò sí ohun tó dá iye náà dúró sí 7.5. Ooru ló dá a dúró síbẹ̀.

Wáyà bàbà tí wọ́n wé sínú mọ́tò ní ohun tí wọ́n fi bò ó kí iná má bàa fo láti ìsọ̀rí kan sí òmíràn, ohun ìbora yìí sì ni ooru máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Wọ́n ti pín in sí ìpele: ìpele B lè fara da ooru tó tó 130 °C, ìpele F lè fara da 155 °C, ìpele H sì lè fara da 180 °C. Ẹni tó ṣe mọ́tò máa ń ṣírò iye iṣẹ́ tí mọ́tò lè ṣe láìdáwọ́dúró kí wáyà inú rẹ̀ tó dé ibi tí ìbora náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó kíákíá, iye yẹn ló sì ń kọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń fi ṣe òṣùwọ̀n tipẹ́ ni pé bí ooru wáyà bá fi 10 °C ju bó ṣe yẹ lọ, ọjọ́ ayé ìbora náà yóò dín kù sí ìdajì.

Bí a bá wá fi iṣẹ́ tó pọ̀ jù lé mọ́tò lọ́wọ́, iná tó ń ṣàn nínú wáyà yóò pọ̀ sí i, ooru tí wáyà ń mú jáde yóò sì pọ̀ sí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye iná náà tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ ni ooru ń tẹ̀lé: bí iná bá fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ooru wáyà yóò fi ìdá 44 lé sí i. Ìdí nìyí tí mọ́tò tí wọ́n ń fi iṣẹ́ 9 kW jẹ níyà lójoojúmọ́ fi lè dà bí ẹni pé kò ní wàhálà kankan fún oṣù mélòó kan, kó tó jóná lọ́jọ́ kan láìjẹ́ pé ohun tuntun kan ṣẹlẹ̀.

Iye tí wọ́n kọ náà dúró lórí ipò àyíká kan pàtó. Bí kò bá sí àlàyé mìíràn lára àwo, ohun tí wọ́n fi ṣírò ni pé afẹ́fẹ́ tó yí mọ́tò ká kò gbóná ju 40 °C lọ, àti pé ibi tí wọ́n gbé e sí kò ga ju 1,000 mítà sí ojú òkun. Nínú yàrá tó gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí lórí òkè tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ tí kò sì lè gbé ooru lọ dáadáa, iṣẹ́ tí mọ́tò 7.5 kW lè ṣe láìséwu kò tó 7.5 mọ́.

Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín kW àti hp?

Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀n. James Watt, ẹni tó tún ẹ̀rọ onísítíìmù ṣe ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ló gbé ìwọ̀n agbára ẹṣin (hp) kalẹ̀ kí àwọn tó ń ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi wé iṣẹ́ àwọn ẹṣin tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. hp kan jẹ́ nǹkan bíi 746 wáàtì, nítorí náà mọ́tò 7.5 kW ni wọ́n ń pè ní mọ́tò hp 10. Hp mìíràn tún wà tí wọ́n ń lò ní àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan, tí wọ́n ń kọ ní PS tàbí cv, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 735.5 wáàtì. Ìyàtọ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n ó máa ń da ìṣirò rú nígbà tí a bá ń fi ìwé ẹ̀rọ méjì wéra.

Mo rí ẹ̀rọ tí ń fa eruku tí wọ́n kọ hp 5 sí lára, sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán ló sì ń lò. Báwo ló ṣe lè rí bẹ́ẹ̀?

Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ 120 fóltì, tí bíréékà rẹ̀ jẹ́ ámpíà 15, kò lè fúnni ju 1,800 wáàtì lọ, ìyẹn nǹkan bíi hp 2.4, kí a tó yọ ohun tó ń ṣòfò nínú mọ́tò. Ibi tí hp 5 ti wá ni pé wọ́n wọn agbára mọ́tò náà ní ibi àyẹ̀wò, fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó ń fa iná tó pọ̀ gidigidi, wọ́n sì mú iye tó ga jù lọ. Ẹ̀rọ náà kò ní dé ibẹ̀ láé nínú ilé yín. Mo ka irú àkọlé bẹ́ẹ̀ sí ohun tó ń ṣini lọ́nà, nítorí pé kò sí iṣẹ́ kan tí ẹni tó rà á yóò fi ṣe. Iye ámpíà tó wà lára àwo ni kí ẹ wò, ẹ fi iye fóltì sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó sì mọ̀ pé agbára rẹ̀ kò lè kọjá ibẹ̀.

Wáàtì ńlá kò tilẹ̀ túmọ̀ sí iṣẹ́ ńlá. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin dín iná tí ẹ̀rọ tí ń fa eruku lè jẹ kù sí 1,600 wáàtì ní ọdún 2014, tí wọ́n sì tún dín in kù sí 900 wáàtì ní ọdún 2017, àwọn ilé iṣẹ́ tún fáànù àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ wọn ṣe, ilẹ̀ kò sì ṣaláì mọ́.

Ṣé mọ́tò 7.5 kW yóò máa ṣe iṣẹ́ 7.5 kW nígbà gbogbo?

Iṣẹ́ tí ohun tó so mọ́ ọn bá béèrè ni yóò ṣe. Bí pọ́ǹpù bá ń fẹ́ 4 kW, 4 kW ni mọ́tò yóò fún un, yóò sì gba iná tó bá ìyẹn mu. Bí pọ́ǹpù bá ń fẹ́ 10 kW, mọ́tò náà yóò gbìyànjú láti fún un ní 10 kW, kò sì ní kọ̀ títí ooru yóò fi bà á jẹ́ tàbí títí ẹ̀rọ ààbò yóò fi gé iná rẹ̀. Mọ́tò kò mọ ohun tí wọ́n kọ sí òun lára.

Níbo gan-an ni iná tó ń ṣòfò ń lọ?

Ọ̀nà márùn-ún ló ń gbà lọ. Àkọ́kọ́, tó sì sábà máa ń pọ̀ jù bí iṣẹ́ bá kún ọwọ́ mọ́tò, ni ooru wáyà bàbà tó wà ní apá tó dúró sójú kan. Ìkejì ni ooru àwọn ọ̀pá tó ń gbé iná, tó sábà máa ń jẹ́ alumíníọ̀mù, tó wà nínú apá tó ń yí. Ìkẹta ni ti irin fúnra rẹ̀: òòfà inú rẹ̀ ń yí orí padà ní àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, irin náà sì ń gbóná nítorí rẹ̀, yálà iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mọ́tò tàbí kò sí. Ìkẹrin ni ìfarakínra inú béárìn àti afẹ́fẹ́ tí fáànù ẹ̀yìn mọ́tò ń tì. Ìkarùn-ún ni àwọn àdánù tó fọ́n káàkiri tó ṣòro láti wọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, tí iye wọn sì ń pọ̀ bí iṣẹ́ bá ṣe ń pọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé àdánù kẹta àti ìkẹrin kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, nígbà tí àdánù wáyà ń lọ sókè sódò pẹ̀lú iṣẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kéré jù wà nínú ìyàtọ̀ yìí, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Kí ni IE1, IE2, IE3 àti IE4 túmọ̀ sí?

Àjọ àgbáyé IEC, tó ń ṣètò ìlànà nípa ohun èlò iná, ló pín ìjáfáfá mọ́tò sí àwọn ìpele yìí nínú ìlànà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 60034-30-1. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga sí ni mọ́tò ṣe jáfáfá sí. Iye tí ìpele kọ̀ọ̀kan béèrè yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí mọ́tò ṣe tóbi tó. Fún mọ́tò 7.5 kW tó ní orí òòfà mẹ́rin lórí iná 50 Hz, IE1 béèrè ìdá 86.0 nínú ọgọ́rùn-ún, IE2 béèrè 88.7, IE3 béèrè 90.4, IE4 sì béèrè 92.6. Fún mọ́tò 0.75 kW, IE3 kò béèrè ju 82.5 lọ, ṣùgbọ́n fún 75 kW ó béèrè 95.0, nítorí pé ó rọrùn kí mọ́tò ńlá jáfáfá ju kékeré lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo 86.0 àti 90.4, wọ́n á sì ní ìyàtọ̀ mẹ́rin péré kò tó nǹkan. Àdánù ni kí ẹ wò. Nígbà tí méjèèjì bá ń ṣe iṣẹ́ 7.5 kW, IE1 ń sọ nǹkan bíi 1,220 wáàtì di ooru, IE3 sì ń sọ nǹkan bíi 800 dà. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àdánù náà tó kúrò, ooru tó yẹ kó máa jẹ wáyà sì dín kù bákan náà, èyí tó fà á tí ara mọ́tò tó jáfáfá fi sábà máa ń tutù ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n fi ń rí èyí ṣe kò fara sin: wọ́n ń lo bàbà tó pọ̀ sí i, wọ́n ń lo irin pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ tó sì dára sí i, wọ́n ń mú kí mọ́tò gùn sí i, wọ́n sì ń dín fáànù rẹ̀ kù nítorí pé ooru tó yẹ kí fáànù lé lọ kò pọ̀ mọ́.

Òfin ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1992 bẹ̀rẹ̀ sí í de àwọn tó ń ṣe mọ́tò láti ọdún 1997. Ní Yúróòpù, láti oṣù keje ọdún 2021 ni ọ̀pọ̀ mọ́tò fésì mẹ́ta tuntun láti 0.75 kW sókè ti gbọ́dọ̀ dé IE3, láti oṣù keje ọdún 2023 sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó wà láàárín 75 sí 200 kW ti gbọ́dọ̀ dé IE4.

Ṣé kí n ra mọ́tò tó tóbi ju ohun tí mo nílò lọ, kí ọkàn mi lè balẹ̀?

Kí ó fi díẹ̀ ju ohun tí ẹ nílò lọ dára. Kí ó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ ni mi ò gbà yín nímọ̀ràn. Ìjáfáfá ọ̀pọ̀ mọ́tò máa ń ga jù nígbà tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá wà ní nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n kọ sí i lára, kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà láàárín ìdá 50 sí 100. Bí iṣẹ́ bá wá lọ sílẹ̀ ju ìdá 40 lọ, ìjáfáfá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já, nítorí pé àdánù irin, béárìn àti fáànù kò dín kù, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó ń jáde ti kéré. Mọ́tò 15 kW tí ẹ so mọ́ pọ́ǹpù tó ń béèrè 3 kW péré yóò máa fi iná ṣòfò lójoojúmọ́, páwà fákítọ̀ rẹ̀ (a ó ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìdáhùn tó kàn) yóò sì burú. Bí ẹ bá ti ní irú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́, ó yẹ kí ẹ ronú nípa pípààrọ̀ rẹ̀ fún kékeré.

Ṣé ohun kan náà ni páwà fákítọ̀ àti ìjáfáfá?

Ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ó sì dùn mí bí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ṣe máa ń pa wọ́n pọ̀. Ìjáfáfá ń sọ iye iná tó di iṣẹ́. Páwà fákítọ̀, tí wọ́n ń kọ ní cos φ lára àwo, ń sọ iye tó wúlò nínú iná tó ń ṣàn gba inú wáyà tó ń wá sí mọ́tò. Mọ́tò nílò iná láti fi dá òòfà inú rẹ̀, iná yìí sì ń wá, ó sì ń padà, láìjẹ́ pé mọ́tò jẹ ẹ́. Kò sí nínú kílówáàtì tí mítà ilé ń kà, ṣùgbọ́n wáyà, tíránsífọ́mà àti jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ gbé e. Mọ́tò wa tó ń gba 8.3 kW, tí cos φ rẹ̀ jẹ́ 0.84, ń béèrè nǹkan bíi 9.9 kVA lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀ (kVA ni ìwọ̀n gbogbo iná tí wáyà ń gbé, èyí tó wúlò àti èyí tó ń lọ tó ń bọ̀). Kàpásítọ̀ tí wọ́n bá so mọ́ ibi tí iná ti ń wọlé lè mú páwà fákítọ̀ gun òkè, ó sì lè dín ooru wáyà ìta kù, ṣùgbọ́n kò lè mú kí mọ́tò fúnra rẹ̀ jáfáfá ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ.

Báwo ni mo ṣe lè fi àwo ara mọ́tò yẹ ìṣirò wò?

Ká ní ohun tí ẹ rí lára àwo náà nìyí: 7.5 kW, 400 V, 14.3 A, cos φ 0.84, ìyípo 1,460 ní ìṣẹ́jú kan, 50 Hz, ìpele F, S1. Fún mọ́tò fésì mẹ́ta, ẹ fi 1.732 sọ fóltì àti ámpíà di púpọ̀, lẹ́yìn náà ẹ tún fi cos φ sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ ó rí nǹkan bíi 8,320 wáàtì tó ń wọlé. Bí ẹ bá wá fi ìyẹn pín 7,500, ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 0.90, ìyẹn ìjáfáfá mọ́tò náà. Bí mọ́tò bá jẹ́ fésì kan, ẹ má lo 1.732 rárá.

Mo fi mítà tó ń ka ámpíà wọn iná tó ń wọ mọ́tò, ó jẹ́ ìdajì ohun tó wà lára àwo. Ṣé ìdajì iṣẹ́ ló ń ṣe nìyẹn?

Ó ṣeé ṣe kó má ṣe iṣẹ́ kankan. Mọ́tò fésì mẹ́ta tí kò gbé ẹrù rárá sábà máa ń fa iná tó tó ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún iye ámpíà tó wà lára àwo rẹ̀, nítorí òòfà tó ní láti dá. Ámpíà nìkan kò lè sọ òótọ́ fún yín nígbà tí iṣẹ́ bá kéré. Mítà tó ń ka wáàtì ló yẹ.

Bí ẹ kò bá ní irú mítà bẹ́ẹ̀, ẹ ka ìyípo rẹ̀. Òòfà inú mọ́tò tó ní orí mẹ́rin ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan lórí iná 50 Hz, apá tó ń yí sì máa ń rẹ̀yìn díẹ̀. Mọ́tò inú àpẹẹrẹ wa ń fi 40 rẹ̀yìn nígbà tí iṣẹ́ bá kún ọwọ́ rẹ̀, nítorí pé 1,460 ni wọ́n kọ. Bí ohun èlò tó ń ka ìyípo bá fi 1,480 hàn yín, ó ń fi 20 rẹ̀yìn, a jẹ́ pé nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ ló ń ṣe. Kì í ṣe ìwọ̀n tó péye tán, torí pé fóltì tó ga tàbí tó lọ sílẹ̀ lè yí i padà, ṣùgbọ́n ó sàn ju ìméfò lọ.

Mọ́tò méjì jẹ́ 7.5 kW, ṣùgbọ́n ọ̀kan tóbi ó sì wọ́n ju èkejì lọ dáadáa. Kí ló fà á?

Ẹ wo ìyípo wọn. Ipá tí ọ̀pá fi ń lọ́ ẹrù ló ń pinnu bí mọ́tò yóò ṣe tóbi tó. Láti mọ ipá náà ní níútọ̀nì-mítà, ẹ fi 9,550 sọ kílówáàtì di púpọ̀, kí ẹ sì fi iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan pín in. Mọ́tò 7.5 kW tó ń yí ní 2,920 ń fúnni ní nǹkan bíi 24.5, èyí tó ń yí ní 1,460 ń fúnni ní 49, èyí tó ń yí ní 970 ń fúnni ní nǹkan bíi 74. Agbára kan náà ni, ṣùgbọ́n èyí tó rọra ń yí nílò irin àti bàbà tó pọ̀ jù.

Kí ni S1 tó wà lára àwo? Kí sì ni SF 1.15?

S1 túmọ̀ sí pé mọ́tò lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n kọ náà láti àárọ̀ dalẹ́ láìsinmi. S2 jẹ́ ti iṣẹ́ ìgbà kúkúrú, tí wọ́n sì máa ń kọ iye ìṣẹ́jú mọ́ ọn. S3 jẹ́ ti iṣẹ́ tó ń dáwọ́ dúró tó sì ń bẹ̀rẹ̀ padà, irú èyí tí ẹ̀rọ tí ń gbé ẹrù sókè ń ṣe. Ẹ má fi mọ́tò S2 rọ́pò S1 nítorí pé kílówáàtì wọn dọ́gba: ìsinmi ló ń gba S2 lọ́wọ́ ooru.

SF 1.15 wọ́pọ̀ lára àwọn mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà. Ó túmọ̀ sí pé mọ́tò lè fi ìdá 15 ju iye tó wà lára rẹ̀ lọ nígbà tí ó bá di dandan, pẹ̀lú ooru tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ ìṣòro. Ẹ má kà á mọ́ agbára tí ẹ rà.

Èló ni mọ́tò tó jáfáfá lè bá mi dín kù?

Wákàtí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dún ló ń dáhùn ìbéèrè yìí ju ohunkóhun lọ. Ẹ wo mọ́tò 7.5 kW tí iṣẹ́ kún ọwọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ iná tí IE1 àti IE3 ń gbà jẹ́ nǹkan bíi 425 wáàtì. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6,000 lọ́dún, ìyàtọ̀ náà yóò lé ní 2,500 kílówáàtì-wákàtí. Ẹ fi iye owó tí ẹ ń san fún ọ̀kan sọ ọ́ di púpọ̀. Bí wákàtí 300 péré bá ni, kò ní ju nǹkan bíi 127 lọ, ó sì lè pẹ́ gan-an kí owó tí ẹ fi lé e tó padà. Fún mọ́tò tí kì í sinmi, owó iná tó ń jẹ láàárín ọdún díẹ̀ máa ń ju owó tí wọ́n fi rà á lọ fíìfíì. Ní gbogbo àgbáyé, ó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún iná mànàmáná tó jẹ́ pé inú mọ́tò ló ń gbà lọ, nítorí náà ohun kékeré tí a bá gbà padà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Mo fi mọ́tò tó jáfáfá rọ́pò ti àtijọ́, síbẹ̀ owó iná kò dín kù. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Bí fáànù tàbí pọ́ǹpù bá ni ẹrù rẹ̀, ẹ ṣàyẹ̀wò ìyípo. Mọ́tò tó jáfáfá kì í rẹ̀yìn púpọ̀, nítorí náà ó máa ń yára díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Agbára tí fáànù ń béèrè sì ń tẹ̀lé eré rẹ̀ ní ìlọ́po lẹ́ẹ̀mẹ́ta (eré × eré × eré): bí ìyípo bá kúrò ní 1,460 tó di 1,475, eré fi ìdá 1 péré lé, ṣùgbọ́n agbára tí fáànù ń gbà fi nǹkan bí ìdá 3 lé, èyí sì lè gbé púpọ̀ nínú èrè yín lọ. Bí bẹ́líìtì bá wà láàárín wọn, ẹ lè pààrọ̀ àgbá tó ń yí i sí èyí tó kéré díẹ̀, kí eré fáànù lè padà sí ti tẹ́lẹ̀.

Òfin kan náà yìí lè ṣe yín lóore. Bí ẹ bá lo ẹ̀rọ tó ń darí eré mọ́tò láti dín eré fáànù kù sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, agbára tó nílò yóò já sí nǹkan bí ìdá 51. Ohun tí ẹ rí gbà níbẹ̀ ju gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín IE1 àti IE4 lọ. Ẹ kàn mọ̀ pé pọ́ǹpù tó ń gbé omi lọ sí ibi gíga kò ní fún yín ní èrè tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé gíga náà kò dín kù bí eré bá dín kù, àti pé ẹ̀rọ tí ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú táǹkì kì í sábà tẹ̀lé òfin yìí rárá.

Kí ni iná tí kò dára ń ṣe sí agbára mọ́tò?

Ipá mọ́tò ń tẹ̀lé fóltì ní ìlọ́po lẹ́ẹ̀mejì (fóltì × fóltì). Bí fóltì bá já sí ìdá 90, ipá tó ga jù tí mọ́tò lè fúnni yóò já sí ìdá 81, mọ́tò yóò sì fa ámpíà tó pọ̀ sí i kó lè parí iṣẹ́ kan náà. Àìdọ́gba láàárín fésì mẹ́ta tún léwu ju bí ojú ṣe ń wò ó lọ, nítorí pé ìyàtọ̀ kékeré nínú fóltì ń fa ìyàtọ̀ tó lè tó ìlọ́po mẹ́fà sí mẹ́wàá nínú ámpíà. Ìlànà NEMA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ohun èlò iná ní Amẹ́ríkà, ní kí a dín iṣẹ́ mọ́tò kù bí àìdọ́gba fóltì bá ti ju ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ó sì ní kí a má tilẹ̀ lò ó mọ́ bí ó bá ti kọjá ìdá 5.

Kí ló dé tí jẹnẹrétọ̀ 10 kVA kò fi lè gbé mọ́tò tó ń béèrè 9.9 kVA dìde?

Ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣòro. Mọ́tò tí wọ́n so tààrà mọ́ iná máa ń fa iná tó tó ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́jọ iye ámpíà tó wà lára àwo rẹ̀ nígbà tó bá ń dìde. Ọ̀nà ìdìde tí wọ́n ń pè ní star-delta máa ń dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó ń dín ipá ìdìde kù bákan náà, kò sì dára fún ẹrù tó wúwo láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣé ọkọ̀ oníná àti kẹ̀kẹ́ oníná ń tẹ̀lé ìlànà kan náà?

Ooru ni níbẹ̀ pẹ̀lú. Agbára ńlá tí wọ́n fi ń polówó ọkọ̀ oníná jẹ́ ti ìgbà kúkúrú, nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré láti ìdúró. Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 85 ń béèrè pé kí wọ́n tún wọn agbára tí mọ́tò lè fúnni fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, iye yìí sì sábà máa ń kéré ju ti ìpolówó lọ púpọ̀. Bákan náà, 250 wáàtì tí òfin Yúróòpù gbà láàyè fún kẹ̀kẹ́ oníná jẹ́ ti iṣẹ́ tí kò dáwọ́ dúró. Mọ́tò náà lè ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń gun òkè.

Bí wọ́n bá tún wáyà mọ́tò mi wé, ṣé ìjáfáfá rẹ̀ yóò dín kù?

Kò pọn dandan. Ibi tí wọ́n ti máa ń bà á jẹ́ ni ìgbà tí wọ́n bá ń yọ wáyà àtijọ́. Irin inú mọ́tò jẹ́ àkópọ̀ awẹ́ pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́, tí wọ́n fi nǹkan bò lójú kọ̀ọ̀kan kí iná má bàa ṣàn láti awẹ́ kan sí èkejì. Bí oníṣẹ́ bá fi iná tó le jù sun wáyà àtijọ́ náà kó lè rọrùn láti yọ, ìbora àárín awẹ́ yóò jóná, àdánù irin yóò pọ̀ sí i, mọ́tò yóò sì máa gbóná kódà nígbà tí kò gbé ẹrù. Ọ̀nà kejì tí wọ́n fi ń bà á jẹ́ ni kí oníṣẹ́ lo wáyà tó tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tàbí kí ó yí iye ìgbà tí wọ́n wé e padà. Kí ẹ tó gbé mọ́tò fún oníṣẹ́, ẹ béèrè bí ó ṣe ń yọ wáyà àti ìwọ̀n ooru tó ń lò, ẹ sì jẹ́ kí ó kọ ìwọ̀n wáyà àti iye ìgbà tí wọ́n wé e sílẹ̀ kó tó tú u. Nígbà tí ó bá parí, ẹ jẹ́ kí mọ́tò náà ṣiṣẹ́ láìgbé ẹrù, kí ẹ sì fi mítà wọn ámpíà fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ó yẹ kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò sì yẹ kí wọ́n ju ohun tí mọ́tò náà ń fà tẹ́lẹ̀ lọ.